Aṣọ Tó Gba Kutọnu Wọlé

RÓTÌMÍ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sinmi láti àárọ̀?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ìnáwó òkú kan ń bọ̀ ní Buguma, búláòsì wọn ló wà lọ́rùn mi. Ìwọ tó o ti Kutọnu dé, ọ̀rọ̀ aṣọ lò ń sọ ṣáá. Kí lo rí?

RÓTÌMÍ: Glo-Djigbé ni, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ kan nítòsí Kutọnu. Òwú tí wọ́n ká ní àríwá Benin lọ́hùn-ún, níhà Banikoara, ojú kan náà ni wọ́n ti ń ràn án, tí wọ́n ń hun ún, tí wọ́n ń rán an. Ní 2023, aṣọ ibẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Kutọnu kan náà? Ibi tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé aṣọ Ṣáínà gbà, tó gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna?

RÓTÌMÍ: Ibẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Fàyàwọ́ nìkan kọ́ ṣá. Nígbà tí UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna, ti ilẹ̀kùn ní 2007, epo dúdú tí wọ́n fi ń dáná ti wọ́n kọjá agbára wọn. Bẹ́ẹ̀ ilé ìfọpo wà ní Alesa-Eleme tiwa ní Rivers níbí láti 1965!

RÓTÌMÍ: Ṣebí ìjọba ya 100 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ máa yá a? UNTL sì tún ṣí ní 2010.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ó ṣí, àmọ́ kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Owó yíyá kì í mú iná wá. Jẹnẹrétọ̀ lò ń gbọ́ yẹn. Má sì wí pé a ò mọ àrà dá o. Wo aṣọ injiri yìí, Íńdíà ló ti wá. Àwọn obìnrin Kalabari fi bíléèdì gé òwú rẹ̀, wọ́n ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀ títí ọnà mìíràn fi jáde lára rẹ̀. Pelete bite nìyẹn. Ta ló kọ́ wọn?

RÓTÌMÍ: Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ owó ti dé Íńdíà kí bíléèdì tó kan aṣọ. Láyé àtijọ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú ló ń hun aṣọ alájàpá, ikaki, fún àwọn ará odò yìí, Ìjẹ̀bú lowó rẹ̀ sì ń lọ.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Àwọn ará Akwete náà hun ún, wọn ò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n béèrè ibi tí ọ̀pọ̀ òwú tí wọ́n ń rà lónìí ti ń wá.

RÓTÌMÍ: Òkèèrè. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní ìrànwú ni ká kọ́kọ́ gbájú mọ́. Bí wọ́n bá ṣe aṣọ nílé níbí, tó fi díẹ̀ wọ́n ju ti Ṣáínà lọ, ẹ ó rà á?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Bí kò bá ti ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kan, màá rà á. Kí wọ́n má ṣáà kọ “Holland” sí etí ẹ̀.