Ibi Tí Ó Yẹ Kí Iná Wà

Ẹja yíyan ló ń san owó ilé-ìwé mi. Ìyá àgbà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò náà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ìyá mi ti gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì kúrò nídìí iná. Ẹja àrọ̀ la máa ń yan jù. Ọwọ́ àwọn tó ní kòtò ẹja la ti ń rà á láàyè. Iyọ̀ la fi ń fọ̀ ọ́ kí ara rẹ̀ má baà máa yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, a ó ká a bí òrùka, a ó fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, a ó sì tò ó sórí wáyà tó wà lórí ìlàjì àgbá. Iná wà nísàlẹ̀, ẹja wà lókè, ojú ìyá àgbà sì wà láàárín èéfín.

Lóṣù kẹrin ọdún yìí, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Houston fi ₦200,000 ránṣẹ́. Wọ́n ní kí a fi ra ààrò gidi, kí ìyá àwọn yé sunkún nídìí ẹja. Wọ́n fi àwòrán tiwọn tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Irin gbọọrọ ni, ó dà bí àgbá tí a dùbúlẹ̀, àpótí irin kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú àpótí yẹn ni wọ́n ń dá iná sí. Ooru àti èéfín á gba ojú ihò wọ inú àgbá, wọ́n á kọjá lára ẹran, wọ́n á sì gba páìpù tó wà ní ìpẹ̀kun kejì jáde. Iná kò sí lábẹ́ ẹran rárá. Bàbá kékeré ní ìwọ̀n ooru 110 sí 130 °C ni àwọn ará Texas fi ń se àyà màlúù, ó sì lè tó wákàtí méjìlá kó tó rọ̀. Ìyá mi bi mí pé ta ló fẹ́ dúró ti ẹran fún wákàtí méjìlá. Èmi kò dáhùn, torí mo mọ ẹni tó ń dúró ti ẹja wa.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn àwòrán náà ni ọ̀rá. Ẹja àrọ̀ lọ́ràá púpọ̀. Bí ọ̀rá bá ń kán sórí iná, iná á ru sókè, èéfín dúdú á sì lẹ̀ mọ́ ara ẹja. Inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PAH ti ń wá, àwọn kan nínú wọn sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo(a)pyrene. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan ẹja yíyan. Ní ti ẹni tó ń dáná, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ló kú nítorí èéfín inú ilé. Mo ka èyí sétí ìyá àgbà. Wọ́n ní, “Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ọmọ mi.” Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ náà gan-an, èmi ni mo bá wọn ka iye tó wà lára owó bébà tí oníbàárà kó lé wọn lọ́wọ́.

Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé a kò níláti lọ sí Texas. Ní Ghana, ààrò kan wà tí wọ́n fi orúkọ Chorkor pè, abúlé apẹja ní Accra. Amọ̀ tàbí bíríkì ni wọ́n fi ń mọ ọ́, wọ́n á sì to àwọn pẹpẹ onígi tó ní wáyà lé ara wọn lórí rẹ̀, tí pẹpẹ wọ̀nyẹn fúnra wọn á di ọ̀nà èéfín. Ó ń gba ẹja púpọ̀, kì í sì í fi igi ṣòfò, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹja ni iná rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tó yá, àjọ FAO àti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye, lórílẹ̀-èdè Senegal, tún un ṣe: wọ́n fi àwo gba ọ̀rá kó má baà kán síná, wọ́n sì mú ibi tí èéfín ti ń wá kúrò lábẹ́ ẹja. Ohun tí àwọn ará Texas ń fi irin ṣe nìyẹn, àwọn ará ìhà tiwa náà sì ti ronú kàn án.

Wẹ́dà tí a kọ́kọ́ lọ bá ní òun yóò gba ₦180,000 láti fi àgbá méjì ṣe irú ti Bàbá kékeré. Ó fi àgbá kan tí wọ́n fi kó kẹ́míkà hàn wá, ó ní a ó kàn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni. A kọ̀ ọ́. Àgbá òróró la fẹ́, a ó sì kọ́kọ́ dá iná ńlá sínú rẹ̀ lófìfo títí gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ yóò fi jó dànù. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò kò dára bẹ́ẹ̀, torí bí ó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ ń ṣe ènìyàn léṣe. Èyí tó tún burú ni pé irin àgbá fẹ́lẹ́. Ti Houston nípọn tó mílímítà mẹ́fà, ó ń di ooru mú. Inú tiwa yóò tutù ní kété tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Irin tó nípọn sì ju owó ọwọ́ wa lọ.

Níbí ni ìyá àgbà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ta ló sọ pé irin la gbọ́dọ̀ fi ṣe ibi ìdáná. Amọ̀ ọ̀gán, wọ́n ní, ni ìyá tàwọn fi ń mọ ààrò, a máa ń gbóná di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, wẹ́dà bá wa gé àgbá òróró kan ṣoṣo, ó ṣe ìlẹ̀kùn, wáyà alájà méjì àti páìpù èéfín sí i. Àwa sì po amọ̀ ọ̀gán mọ́ koríko gbígbẹ, a mọ ibi ìdáná sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A gbé àgbá sórí búlọ́ọ̀kù kó ga ju iná lọ, torí ooru kì í sọ̀kalẹ̀. Páìpù irin kúkúrú ló so méjèèjì pọ̀. ₦95,000 ni gbogbo rẹ̀ ná wa, ìyá mi sì fi èyí tó kù ra ẹja.

Igi ayìn tó gbẹ dáadáa la fi dá iná àkọ́kọ́, a sì fi igi máńgòrò díẹ̀ kún un. Mo kọ̀ kí wọ́n fi ọ̀rá ike ṣáná. Èéfín tó dára máa ń fẹ́lẹ́, ó ń dà bí aró tó ṣá. Bí ó bá funfun tó sì ki, igi tútù ni tàbí afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, ẹja á sì korò.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ ìyá mi nínú. Lórí àgbá àtijọ́, wákàtí mẹ́fà ni ẹja kílò mẹ́wàá ń gbà. Lórí tuntun, ó gba mẹ́sàn-án, igi tó jó sì pọ̀ sí i. Ẹja tó wà nítòsí iná tètè gbẹ, ti ìpẹ̀kun kejì ṣì rọ̀, a sì ń pààrọ̀ àyè wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló kù nígbà tó gbẹ tán, bíi ti tẹ́lẹ̀, torí omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tútù. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin. Oníbàárà kan ní ẹja tí kò dúdú kò tíì jiná. Òmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ọgbà Ìkọ̀lé, ra mẹ́rin, ó tún padà wá ra mẹ́fà.

Báyìí, ààrò méjì ló wà lẹ́yìnkùlé wa. Bí ọjà bá ku ọ̀la tí ẹja sì pọ̀, ìyá mi ṣì ń dá iná sínú àgbá àtijọ́, èmi ni mo sì ń dúró tì í. Ìdí ààrò tuntun nìkan ni ìyá àgbà ń jókòó sí. Wọ́n máa ń gbé àpótí wọn síbi tí èéfín kò gbà, wọ́n á kàn dìde fi igi kan kún iná, wọ́n á tún jókòó. Èyí tó kù ni páìpù èéfín. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń dá èéfín padà sínú àgbá, a sì ti bẹ wẹ́dà pé kó bá wa fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún gíga páìpù náà.