Ọpọ́n Ayò Méjì Lábẹ́ Igi Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, èmi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ bá mi wí, n kò ní bínú.

Ìṣó, páànù àti sìmẹ́ńtì ni mò ń tà ní Ẹgbẹ́dá, lẹ́bàá Ìbàdàn níhìn-ín. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Igi ọdán ńlá kan wà níwájú ìsọ̀ mi, abẹ́ rẹ̀ ni a sì ti máa ń ta ayò nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí àwọn oníbàárà bá ti dín kù. Ọpọ́n tí à ń lò, ti bàbá mi ni. Ó ti dúdú, ó sì ń dán, nítorí pé ọwọ́ tí ó ti kàn án kò níye.

Àwọn tí ó máa ń jókòó tì í kò pọ̀. Tíṣà kan wà tí ó ti fẹ̀yìntì, ọ̀ta gidi ni. Alápatà kan wà tí ó máa ń fi ọwọ́ tí ó ń rùn ẹran tú ọmọ ayò ká. Télọ̀ wà. Ọkùnrin Ìgbò kan sì wà tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Onípáàtì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti dé Ẹgbẹ́dá, ibẹ̀ ni ó ti bí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ń ta irú ayò yìí nílé àwọn náà, okwe ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi wa ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi ẹnu ta á.

Ẹnu ni mo wí yẹn. Ẹni tí kò mọ ayò lè rò pé kò ju kí a máa ka ọmọ lọ: ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48, bí ọwọ́ rẹ bá parí sí ilé ẹnìkejì tí ibẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni adùn rẹ̀. Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta á, à á ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o," wọn á sì dáhùn pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọmọ ogún ọdún lè sọ fún ẹni tí ó tó bàbá rẹ̀ bí pé ojú rẹ̀ ti fọ́, kí ó lọ sùn. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dìde tán, ọmọ yẹn á dọ̀bálẹ̀, á ní ó dàárọ̀ o, Bàbá. Orí ọpọ́n ni èébú ayò ń kú sí. Òfin kan ṣoṣo tí mo bá lábẹ́ igi náà láti ayé bàbá mi ni pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú nídìí ọpọ́n.

Òfin náà nídìí. Ọdún 1961 ni wọ́n bí mi, nítorí náà ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí ọ̀rọ̀ Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá kò wọ̀ mọ́, tí àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn ní ilé ìgbìmọ̀ n'Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì, ìjà náà kò dúró sí ìgboro. Ó bá àwọn ará oko nílé. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ tẹ́lẹ̀ pín sí méjì. Nígbà tí wọ́n wá dá ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀ ní 1964, ọpọ́n ayò di méjì lábẹ́ igi kan náà, ti Dẹ́mọ̀ lọ́tùn-ún, ti ọlọ́pẹ lósì.

Ohun kan máa ń pa bàbá mi lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Adélabù kú ní oṣù kẹta ọdún 1958, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alákùkọ ń lé àwọn ọlọ́pẹ kiri Ìbàdàn, wọ́n ń pa wọ́n. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ, ọlọ́pẹ àti alákùkọ ti so pọ̀, wọ́n di UPGA, ẹni tí ó lé bàbá mi wọ igbó ní 1958 sì wá jókòó tì í nídìí ọpọ́n ọlọ́pẹ. Bàbá mi ní ọmọ ayò ni àwọn olóṣèlú: èyí tí ó wà nínú ilé rẹ lónìí, ilé ẹnìkejì ni ìwọ yóò ti bá a lọ́la. Ó ní àwa tí à ń ta á ni a kì í rántí.

Ní 1964 kan náà ni Hubert Ògúndé gbé eré "Yorùbá Ronú" jáde, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Títí àwọn ológun fi dé ní 1966 ni òfin náà wà. Bàbá mi tí ó fẹ́ràn eré Ògúndé ju iyán lọ ní ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 dé. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí à ń pè ní wẹ́tíẹ̀, n kò ní tún un sọ. Ọkùnrin kan wà tí òun àti bàbá mi ti jọ ń ta ayò láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, Dẹ́mọ̀ ni. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n ti iná bọ ilé rẹ̀. Bàbá mi kò bá wọn dá iná. Ṣùgbọ́n ó jí, ó ṣí fèrèsé, ó rí iná náà, ó sì pa fèrèsé dé. Omi kún ìkòkò lẹ́yìn ilé wa, kò gbé e. Ọkùnrin náà kò kú. Ó kó àwọn ẹbí rẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́. Ìgbà tí bàbá mi sọ èyí fún mi, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ní ọjọ́ náà.

Èmi tí mo gbọ́ ìtàn yìí ni mo wá ṣe ohun tí mo ṣe.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báǹkì àpapọ̀ ti yí àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà, owó wá di ọ̀wọ́n gógó. Oníbàárà á wá ra sìmẹ́ńtì, owó rẹ̀ wà ní báǹkì, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọjà, nítorí náà ayò pọ̀. Nígbà tí ayò pọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀. Òfin bàbá mi ti ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó kíyè sí i. Èmi wà lẹ́yìn Tinubu, láti ọjọ́ tí ó ti wí ní Abẹ́òkúta pé òun ló kàn. Peter Obi ni Tíṣà ń ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fà á wọ ibẹ̀. Alápatà kò kúrò nínú PDP. Télọ̀ kò sọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń rán aṣọ fún, mo sì rò pé ẹni tí ó bá ti san owó ìránṣọ ni ó ń dìbò fún. Ọ̀gá Onípáàtì náà kò sọ nǹkan kan. Ayò rẹ̀ ni ó ń ta.

A dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Tinubu wọlé, Ọ̀yọ́ sì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní Èkó tí ó ti ṣe gómìnà, Obi fi ìbò tí kò tó 10,000 ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ burúkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó wọ inú fóònù wa, pé àwọn Ìgbò fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ Yorùbá lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ ní òwúrọ̀, mo gbọ́ ọ ní ọ̀sán. Etí mi kún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ó ku bí ọjọ́ mélòó kan kí a dìbò gómìnà. Ọ̀gá Onípáàtì ti jẹ mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ó bú sí ẹ̀rín, ó ní, "Bàbá Onísìmẹ́ńtì, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn!" Ohun tí ó ti sọ fún mi ní ìgbà àìmọye nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹ gba Èkó tán, ẹ tún fẹ́ gba ayò wa. Ẹ lọ ta tiyín nílẹ̀ yín."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ayò mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ fi pín. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé èébú ayò nìyẹn?" Ọkùnrin tí ó yá mi ní owó tí ó kù kí ọmọ mi fi wọ yunifásítì, tí kò béèrè èlé, òun ni ó bi mí ní ìbéèrè yìí, n kò sì dá a lóhùn. Ó dìde, ó lọ, ọmọ ayò mẹ́rin náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Tíṣà ní kí n sáré tẹ̀lé e. Mo ní n kò lọ. Ó ní ó dára, òun náà kò ní fọwọ́ kan ọpọ́n yẹn mọ́. Inú bí mi, mo gbé ọpọ́n bàbá mi wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Tíṣà àti Alápatà ti ra ọpọ́n tiwọn, wọ́n jókòó sí apá kejì igi. Àwa onítinubu jókòó sí apá kìn-ín-ní. Ìyá aláàkàrà tí ó máa ń pàtẹ sí àárín wa bi wá pé ẹgbẹ́ wo ni àkàrà wà, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò gbé agbada sí.

Ẹ wá wo èyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta tí a dìbò gómìnà, Ṣèyí Mákindé ti PDP ni ó wọlé ní Ọ̀yọ́ kan náà tí Tinubu ti APC ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Èmi tí mo gbé ọpọ́n wọlé nítorí APC, Mákindé ni mo tẹ̀ka fún. Ẹni mẹ́ta nínú àwọn tí ó jókòó tì mí ṣe bẹ́ẹ̀ náà. A mú ìbò wa kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìjà, ṣùgbọ́n ìdí wa kò kúrò níbi tí ó wà.

Ayò náà kò dùn mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, èmi ni ọ̀ta lójoojúmọ́. Kí ni ó dùn nínú ìyẹn? Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún tí ààrẹ tuntun búra, tí ó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò sí nǹkan bí 500. Èmi àti Tíṣà jọ wà lórí ìlà kan náà nílé epo, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ wa, a kò sì kí ara wa.

Ọmọbìnrin mi tí ó wà ní Ìlú Ọba ni ó kọ́kọ́ là mí lójú. Ó fẹ́ràn kí ó máa fi abẹ́rẹ́ hun òwú. Ó ní ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ẹgbẹ́ ńlá àwọn ahunwú kan ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Ravelry, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ààrẹ Trump lẹ́yìn láàárín àwọn mọ́, wọ́n ní àwọn kò lè gba gbogbo ènìyàn mọ́ra kí àwọn sì tún gba ọ̀rọ̀ tí ń lé àwọn kan jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Òwú lásán! Bóyá ohun tí wọ́n ṣe tọ́ tàbí kò tọ́, n kì í ṣe adájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ẹ sọ sí ọkùnrin yẹn ni, àbí ẹ lé e ni?"

Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Bí mo bá ti bú Obi, bí ó bá ti bú Tinubu, à bá ti parí rẹ̀ nídìí àkàrà. N kò bú Obi. Mo sọ fún ẹni tí ó ti wà láàárín wa fún ogún ọdún pé kì í ṣe ara wa.

Síbẹ̀ ó lé ní ọdún kan kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi. Ìgbéraga ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé èmi ni ẹ bú?" Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ìsọ̀ Ọ̀gá Onípáàtì. Ó gbé àga fún mi, ó rán ọmọ níṣẹ́ pé kí ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wá. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ó dì mí mú, ó ní kí n má dẹ́rù pa òun. Ó ní òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń nu irin kan. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí òun sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó òun, ọmọkùnrin òun tí a bí ní Ẹgbẹ́dá gbọ́, ó sì bi òun pé níbo ni ilẹ̀ àwọn wà. Ó ní, "Bàbá, n kò tíì rí èsì fún un."

Bí mo ti ń dìde ni mo rí àwọn ọmọ ayò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú agolo kan lórí tábìlì rẹ̀, láàárín àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Ó rí i pé mo rí wọn. Ó ní òun fúnra òun ni yóò mú wọn wá.

Ọpọ́n ti padà di ọ̀kan lábẹ́ igi. Tíṣà ń jẹ mí bí ó ti ń jẹ mí tẹ́lẹ̀, ìyá aláàkàrà ti gbé agbada rẹ̀ padà sí àárín. Ọ̀gá Onípáàtì kò tíì wá. Bí mo bá kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, a máa ń kí ara wa dáadáa. Ẹkùrọ́ mẹ́rin ni a fi dí àlàfo àwọn ọmọ ayò tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò rí bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn wọ́n, a máa ń mọ̀.