Àpótí kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn la gbé wá lónìí, méjèèjì tí kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará.

Àwa olùkọ́ la kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ìṣẹ́ bá ti wọ ilé ẹnìkan. Láti ọdún 2006 ni ìjọba Benin ti fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àti bàtà ṣì wà lọ́rùn òbí. Bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹrù ló ń rù lọ́jà.

Ìdí rèé tí a fi dá àjọ sílẹ̀ ládùúgbò wa. Mùsùlùmí wà nínú wa, ará Ìjọ Àgùdà wà, ará Sẹ̀lẹ́ wà, àwọn tó ń bọ Ògún náà wà. Jímọ̀ jẹ́ ti àwọn kan, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti àwọn mìíràn, a wá mú alẹ́ Ọjọ́rú. Kálukú ń dá 500 sẹ́fà. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára àpótí wa. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Mùsùlùmí mú kọ́kọ́rọ́ kan, ará Ìjọ Àgùdà kan mú èkejì, bàbá alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún mú ẹ̀kẹta. Bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, àpótí kò ní ṣí.

A ò sọ pé ìgbàgbọ́ wa dọ́gba o. Ohun tó mú wa dúró ni pé a bi ara wa léèrè èèwọ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní èlé kò tọ́. A fi èlé sílẹ̀, ẹni tó bá yá 20,000 yóò dá 20,000 padà. Àwọn ará Sẹ̀lẹ́ kì í mutí. Ọtí kì í dé ìpàdé wa. Owó ẹbọ kì í ti inú àpótí jáde, owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kì í ti ibẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́ṣáláṣí.

Lọ́dún tó kọjá, oníwàásù kan wá láti ìlú mìíràn, ó ní kí àwọn kan nínú wa lọ yọ owó wọn, pé owó tó bá ti kan ti abọ̀rìṣà ti di aláìmọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan ní CM2 kò wá sí kíláàsì mọ́, nítorí àìsàn ti jẹ owó tí ìyá rẹ̀ fi ń dín àkàrà tà. A fẹ́ yá ìyá náà ní 20,000. Bí ìdajì wa bá yọ owó, kí la ó yá a? Ìyá àgbà tó mú kọ́kọ́rọ́ dìde, ó ní: "Èmi ò mọ ẹ̀sìn tí ebi ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣí i." Ìdílé méjì lọ, a ka owó wọn fún wọn láìjiyàn. Àwọn tó kù dúró. Ọmọ náà padà, ó sì ṣe ìdánwò CEP pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Irú ìdàpọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Àdúrà tí onígbàgbọ́ ń gbà, sàárà tí gbogbo wa ń ṣe, inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ní Àjàṣẹ́, fadá Ìjọ Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, dá oko Songhaï sílẹ̀ ní 1985 láti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Orúkọ ìjọba àtijọ́ ló fi pè é, ìjọba tí Askia Mohammed, ọba Mùsùlùmí tó lọ sí Mẹ́kà, ti jọba.

Àpótí wa kò lè tún ọ̀nà ṣe, kò sì lè gbé owó àgbàdo ga. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Orúkọ ìdílé méjì tó lọ ṣì wà nínú ìwé wa, a ò pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ní àdúgbò tiyín, ta ló mú kọ́kọ́rọ́? Ẹ bá wa sọ ọ́.