Láti Orí Àtẹ̀gùn Ọjà Treichville dé Orí Olúmọ

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ àti àgbà lọ gun òkè lọ́jọ́ kan, kí gbogbo yín sì padà sílé láìsí ẹni tó ń tiro, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe ṣe tiwa fún yín. Ìdí òkè kọ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ọjà ńlá Treichville, ní ìlú Abidjan, la ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Plateau yóò gba orí afárá Houphouët-Boigny, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, kọjá ọ̀sà Ébrié kó tó dé Treichville. Ní ìsàlẹ̀ ọjà náà, oúnjẹ ló pọ̀: attiéké, ẹja, ata, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ti àwọn aláṣọ. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún, ti pẹ́ nílùú náà, àwọn ará Ẹ̀jìgbò ní Ọ̀ṣun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá wa jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta aṣọ lókè yẹn. Á fi Faransé dá oníbàárà kan lóhùn, á fi Júlà dá èkejì lóhùn, á sì yíjú sí aládùúgbò rẹ̀, á fi èdè Ẹ̀jìgbò bú u tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọdọọdún là ń lọ sílé. Ìsìnkú ni, ìgbéyàwó ni, tàbí ilé tí wọ́n fẹ́ kan òrùlé rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí ilé kò ju abẹ́ kánópì àti àwo ìrẹsì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ka ọ̀rọ̀ náà "gun òkè" nínú ìwé kan, ó bi wá pé, "Ṣé orí àga ló gùn?" Ó mọ "òkè" inú "gbé e sókè", ṣùgbọ́n kò mọ òkè tí wọ́n ń gùn. Montagne ló ń pe ìyẹn. Iṣẹ́ èdè là ń ṣe, a lè fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀. A rí i pé ó sàn kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ọ̀kan.

A kọ́kọ́ ro ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. A wá mú Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Kò ga púpọ̀, inú ìlú ló wà, ọmọdé sì lè gùn ún. Nígbà tí a sọ fún Ìyá wa, wọ́n ní, "Ẹ máa lọ ní tiyín. Orúnkún mi ò gbé e mọ́. N ó jókòó sísàlẹ̀, n ó máa bá yín ṣọ́ ẹrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń ṣọ́ ẹrù fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ jókòó ní ọjà, a ń wo bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n gùn ún láàárọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun, wọ́n tún gùn ún. Wọ́n lọ ra oúnjẹ, wọ́n tún gùn ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n á di irin mú, wọ́n á gun díẹ̀, wọ́n á dúró kí ẹnì kan, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì tún gun díẹ̀. Ìkíni yẹn ni ìsinmi wọn. A wá rí i pé orúnkún lè gbé Olúmọ, bí kò bá sáà sí ẹni tó ń kánjú.

Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù la fi wọn gbogbo ètò. A ra bàtà onírọ́bà tó rọ̀ fún Ìyá wa nísàlẹ̀ ọjà, wọ́n sì fi rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó lọ. Ẹ má ṣe wọ bàtà tuntun lọ sórí òkè. Omi la kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, fìlà àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan. Àpáta máa ń yọ̀ lásìkò òjò, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí náà a fi gígùn sí kùtùkùtù òwúrọ̀.

A gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ dé Èkó, a sinmi ọjọ́ méjì, a wá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Ìbàdàn, a sọ̀ ní Abẹ́òkúta. A sun ìlú náà mọ́jú, kí ẹsẹ̀ lè balẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà Olúmọ, ẹ béèrè owó ìwọlé àti ẹni tó máa mú yín ká, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwa kò fi í sínú ètò. Àwọn ọmọ àti ọ̀kan nínú wa gba ọ̀nà àtijọ́ tó há láàárín àpáta, Ìyá wa àti ẹnì kejì gba àtẹ̀gùn. Gbogbo wa dúró níbi ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn. Àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára àpáta. Ìyá wa ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń lọ ata níbí náà, orúnkún ń dùn ún."

Lókè, ọyẹ́ bo ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ṣùgbọ́n a rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, a sì rí Odò Ògùn. Ọmọ wa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìlú, ó ní, "Àwọn ló wà lábẹ́ òkúta. Àwa wà lókè rẹ̀." A ò tún ṣàlàyé kankan.

Ìyá wa jókòó pẹ́. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tí mò ń lọ sílé, ibí yìí wà báyìí?"

Ẹ fi àkókò sílẹ̀ fún sísọ̀kalẹ̀ o. Òun ló ń dun orúnkún ju gígùn lọ. Ó gbà wá lákòókò ju gígùn lọ lóòótọ́. Láti ibẹ̀ a lọ sí ọjà Ìtòkú tí kò jìnnà, Ìyá wa sì fi wákàtí kan ná àdìrẹ. Aṣọ náà wà ní Treichville báyìí, láàárín àwọn àǹkárá. Bí oníbàárà bá béèrè ibi tó ti wá, orí òkè ni ìtàn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi wá pé, "Àtẹ̀gùn mélòó lẹ ní ó wà ní Ìdànrè?" A ní ó lé ní 600. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ká jẹ́ kí àwọn rò ó.