Aró Inú Òkúta

Ẹ̀rọ kékeré náà dún píìì. Alágbẹ̀dẹ wúrà tún gbé e lé ojú òkúta náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dún bákan náà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. Moissanite ni, kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Wọ́n ti lu àwọn ọmọ yín ní jìbìtì."

Ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé nítorí ìdána, òrùka náà sì tóbi jù fún ìka rẹ̀. Ìyẹn la ṣe gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn pé kí wọ́n bá wa dín in kù. A ò ní kí ẹnikẹ́ni dán òkúta wò. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ kì í rí òkúta kó má tọ́ ọ wò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ náà ò bínú. Ẹ̀rín ló rín. "Ẹ̀gbọ́n, dáyámọ́ńdì ni. Bórọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló ń dàrú mọ́ ẹ̀rọ yín lójú." Ọkùnrin náà wò mí, èmi náà wo ọmọ mi. Nínú àwa mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó ń sọ, àbíkẹ́yìn mi sì ni.

Kí n má purọ́, òrùka yẹn ò wọ̀ mí lójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò funfun, àwọ̀ aró ló ní. Ọmọ náà tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọn ò wà á nínú ilẹ̀, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti hù ú jáde. Mo bi í pé ṣé owó ojúlówó ni kò sí ni. Ó ní, "Mọ́mì, ojúlówó ni." Mo ní ó dáa. Bí ìyá bá sọ "ó dáa" lóhùn yẹn, ọmọ mọ̀ pé kò dáa.

Alẹ́ ọjọ́ tá a ti ṣọ́ọ̀bù dé ló tó ráyè là mí lóye. Ọmọ ìyá èédú ni dáyámọ́ńdì: kábọ́ọ̀nù ni àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe to ara wọn ló yàtọ̀. Tí kò bá sí àbùlà nínú rẹ̀, á mọ́ gaara bí omi. Tí nítírójìn bá wọ̀ ọ́, á pupa rúsúrúsú. Tí bórọ́ọ̀nù bá wọ̀ ọ́, bó ti wù kó kéré mọ, á gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, á wá fi àwọ̀ aró sílẹ̀ fún ojú wa. Bórọ́ọ̀nù yìí kan náà ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú òkúta náà kọjá, bẹ́ẹ̀ dáyámọ́ńdì funfun kì í gba iná. Ẹ̀rọ alágbẹ̀dẹ wa, bó bá ti kan òkúta tó ń gbé ooru kíákíá bíi dáyámọ́ńdì, tó sì tún ń gba iná, moissanite ló ń pè é. Wọn ò kọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní Hope Diamond, dáyámọ́ńdì aláwọ̀ aró tó wà ní mùsíọ́mù Smithsonian ní Washington, kárátì 45.52, ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìdájọ́ kan náà jáde, kí ọkùnrin wa sì bá ìjọba Amẹ́ríkà kẹ́dùn.

Ilẹ̀ kì í sábà bí dáyámọ́ńdì aláwọ̀ aró. Ibi ìwakùsà Cullinan ní Gúúsù Áfíríkà wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti ń rí i. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, níbi tó jìn tó 660 kìlómítà ó kéré tán, pé ó sì jọ pé ara àpáta ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ tó rì wọ inú ayé lọ ni bórọ́ọ̀nù wọn ti wá. Mo ní Olókun ló ni ín nìyẹn. Ọmọ mi ní òun ò mọ̀ bóyá àwàdà ni mò ń ṣe. Èmi náà ò mọ̀. Nítorí ọ̀wọ́n yìí ni wọ́n fi ta Oppenheimer Blue, kárátì 14.62, ní mílíọ̀nù dọ́là 57.5 ní Geneva lọ́dún 2016. Kí ni tèmi níbẹ̀?

Èyí tí wọ́n ń hù nínú ẹ̀rọ ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Oṣù Kejìlá 1954 ni Tracy Hall rí i ṣe ní iléeṣẹ́ General Electric, wóró kéékèèké tí kò wúlò fún ọ̀ṣọ́. Ó di 1970 kí iléeṣẹ́ náà tó kéde èyí tó tóó fi ṣe òrùka. Dáyámọ́ńdì tín-ń-tín ni wọ́n fi ń ṣe irúgbìn. Wọ́n á kó kábọ́ọ̀nù àti irin tó ń yọ́ tì í, wọ́n á bu bórọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ohun tó ń fa nítírójìn mọ́ra sí i pẹ̀lú kó má baà ba àwọ̀ jẹ́. Wọ́n á wá fi agbára tó ju ìlọ́po 50,000 ti afẹ́fẹ́ ayé yìí tẹ̀ ẹ́, nínú ooru tó tó digirì Celsius 1,300 sí 1,600. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti dàgbà. Ọ̀nà kejì ni ti gáàsì, tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń bà lé irúgbìn ní ìpele-ìpele.

Oríṣi kan tún wà tó yẹ kí olùrà béèrè kó tó sanwó: òkúta tó ti dàgbà tán kí wọ́n tó fi ìtànṣán lù ú kó lè yí àwọ̀ padà. Dáyámọ́ńdì lòun náà, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń fà sí ti ewé. Ṣùgbọ́n iná alágbẹ̀dẹ lè ba àwọ̀ náà jẹ́. Ibí yìí ni àyà mi ti já, torí a ti fẹ́ fi òrùka sílẹ̀ fún ọkùnrin oníná. Ọmọ mi ṣí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lórí fóònù: ti bórọ́ọ̀nù ni, kò sí ìtànṣán. Ó ní nọ́ńbà ìwé náà wà lára òkúta fúnra rẹ̀, wọ́n fi lésà kọ ọ́ sí ìgbátí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe yan àwọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wọn ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníwúrà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọ́kọ́ jìn bí ẹtù, lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ó ń dán yanranyanran. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìkejì jẹ́ àyìnrín, ó rẹ̀ jù, bí aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù fọ̀. Ìkẹta ni wọ́n mú. Ìyá bàbá mi ṣe aláró ní Òṣogbo. Mi ò rí wọn rí kí wọ́n dá aṣọ lẹ́jọ́ nínú ilé. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á gbọ̀n ọ́n sóòrùn, wọ́n á tún gbé e lọ sábẹ́ igi kí wọ́n tó mọ̀ bóyá yóò tún wọ ìkòkò aró. Ọmọ mi ò bá wọn láyé. Ta ló kọ́ ọ? Wúrà funfun ni wọ́n tún fi dè é, torí wúrà pupa máa ń ti àwọ̀ aró lọ sí ti ewé.

Ní ti owó, kí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ lọ ra ilẹ̀. De Beers, iléeṣẹ́ dáyámọ́ńdì tó ti ní òun ò ní ta èyí tí wọ́n ń hù nínú ẹ̀rọ láéláé, yí ohùn padà ní 2018, ó dá Lightbox sílẹ̀ láti máa tà á: dọ́là 800 fún kárátì kan, aró tàbí funfun, iye kan náà. Iye rẹ̀ lọ́jà sì ń já wálẹ̀. Ní 2025 wọ́n kéde pé àwọn yóò ti Lightbox pa.

Gbogbo èyí ò tíì pa mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tá a dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo ń ráhùn pé ọwọ́ èèyàn ló ṣáà ṣe é. Màmá ò dá mi lóhùn. Wọ́n tú sẹ̀gi ọrùn wọn, èyí tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Èyí ńkọ́? Igi ló so ó?"

Mo gbé e sókè sí fèrèsé. Aró tó wà lára rẹ̀ yí padà di ewé, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tí mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u. Wọ́n ṣáà ń wú u lóòótọ́. Ní Igbó Olókun, nínú Ilé-Ifẹ̀ yìí, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ lára. Àbájáde wọn tó jáde ní 2017 ni pé àwọn ará Ifẹ̀ ló ń po gíláàsì náà fúnra wọn, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Inú iná ni sẹ̀gi ti wá. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pè é ní ayédèrú.

Nígbà tá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá tẹ̀ lé wa. Alágbẹ̀dẹ fi gíláàsì wo ìgbátí òkúta, ó ka nọ́ńbà náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi ń fi wé ti fóònù. Ó tọ́rọ̀ àforíjì, ó sì dín òrùka kù. Bá a ṣe fẹ́ máa lọ, ó rí ọrùn Màmá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ṣé òun lè dán ìyẹn wò. Wọ́n na ọrùn sí i. Ó gbé ẹ̀rọ lé sẹ̀gi náà, ó dúró. Ẹ̀rọ ò dún rárá. Ó tún gbé e lé ibòmíì, kẹ́kẹ́ pa á.

"Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ Ifẹ̀," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká máa lọ, ebi ń pa àwọn.