Kí O Tó Rówó Ẹ́ńjìnnì

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé rẹ. Mẹ́káníìkì ní kí o lọ wá owó ẹ́ńjìnnì nítorí pé Peugeot 504 akẹ́rù wa ń tú èéfín. Ọmọ mi, má tíì ta iṣu kankan torí ẹ̀. Àwọ̀ wo ni èéfín náà?

Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, mo sì mọ eruku ọ̀nà oko Ìpàpó. Tú fíltà afẹ́fẹ́, gbé e sójú oòrùn; bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, pààrọ̀ rẹ̀. Wo ṣóòkì náà. Bí o bá fà á láàárọ̀ ọyẹ́ tí wáyà rẹ̀ sì há, kábúrétọ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí títí dalẹ́. Bí méjèèjì bá dára, kí wọ́n wo flótà inú kábúrétọ̀: bó bá ti lu, á rì, epo á sì máa kún àkúnya.

Bó bá ṣe búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ìgbà tó ń jáde ni kí o ṣọ́. Bó bá tú u nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ taná sí i láàárọ̀, tó sì dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ fáàfù ni. A kì í torí ìyẹn ra ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ bó bá ń tú u ṣáá bó o ṣe ń fi ẹrù iṣu gun òkè, ríìngì ló ti jẹ. Ìyẹn nìkan ni màá fi gba ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì yẹn rò.

Funfun díẹ̀ nínú ọyẹ́ kì í ṣe àrùn. Bí kò bá pòórá lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbóná, tí omi rẹ́dìétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ló ti jó. Má wà á mọ́, ooru lè wọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Jọ̀ọ́, má ṣí ọmọrí rẹ́dìétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ọwọ́ rẹ ṣe pàtàkì sí mi ju ọkọ̀ lọ.

Ní kí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú rẹ, kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ní èédú gbígbẹ, epo ló pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó dúdú tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ni. Bí ẹyọ kan bá mọ́ ju àwọn yòókù lọ, má yọ̀ o, omi ló ń fọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ kábúrétọ̀ ló bàjẹ́, má dààmú: láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Kábúrétọ̀ 504 kì í ṣe ohun àwátì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni afẹ́fẹ́ olóró tó ń bá èéfín jáde, tí kò láwọ̀, tí kò sì rùn. Ó ń pani. Má tan ọkọ̀ náà nínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kọ àwọ̀ èéfín náà àti ìgbà tó ń jáde sí mi kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ