Ọ̀gá Kékeré

Ẹ̀rọ Singer tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni ẹni tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́ fi ránṣọ títí wọ́n fi dàgbà. Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀gá tèmi lò. Ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn báyìí, iná ló ń yí tèmi, bí wọ́n bá mú un wá. Bí wọn ò bá mú un wá, ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ mi láti títì. Ìtàn ẹ̀rọ yìí ló máa ń dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, àmọ́ ipò ọ̀gá kékeré lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọmọ-iṣẹ́ tó pẹ́ jù ni ọ̀gá kékeré. Bí o bá ti wọ ọdún kẹta, ìránṣọ tí o kò tíì mọ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ ló kù tí o máa kọ́. Ìwọ ni wàá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìwọ ni wàá pín iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa gán bọ́tìnì àti etí aṣọ, ẹni tó ti mọ ẹ̀rọ á máa so apá, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni wàá gbé léèsì fún. Ó yẹ kí o mọ ẹni tí ìbáwí ń tún ṣe, kí o sì mọ ẹni tó jẹ́ pé bí o bá bá a wí láàárọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà bà jẹ́ nìyẹn.

Ọdún 1997, tí èmi náà jẹ́ ọ̀gá kékeré, le. Túndé Kèlání fi ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, ṣe fíìmù, ni gbogbo sìsí bá ní ìró kékeré àti bùbá "oleku" làwọn náà fẹ́. Ankara kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé, tí oníbàárà máa ń wọ́ tìì, lọ̀gá mi máa ń yàn láti lọ sí ọjà aṣọ ní Gbági, wọn kì í sì í sọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Sátidé kan, ọmọ-iṣẹ́ kan gé apá bùbá ìyá ìyàwó kúrú. Léèsì ni, kò sì ṣẹ́ kù. Ìyá náà wọ̀ ọ́, wọ́n na ọwọ́ síwájú dígí.

"Ta ló gé èyí?"

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ṣọ́ọ̀bù wa ló gé e."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ díẹ̀ lára ìró, níbi tí wọ́n máa ń ká sínú, kí n fi ṣe etí apá. Wọ́n ní kí n ṣe é níṣojú wọn. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, tí wọ́n gbọ́, wọn ò béèrè léèsì.

"Kí lo pe ọmọ yẹn níwájú oníbàárà?"

"Mi ò pè é ní nǹkan kan, Mà."

Ni wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn já ẹrù.

Lóde òní, oṣù mẹ́fà làwọn ọmọ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ tán. Ọwọ́ wọn yá ju tiwa lọ, n ò ní purọ́. Ohun tí wọ́n bá rí lórí fóònù lálẹ́, wọ́n á gé e láàárọ̀. Wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gba ọmọ-iṣẹ́. Kí ọdún Iléyá tó dé, àwọn ọmọ-iṣẹ́ náà ti tú ká. Èmi ni wọ́n wá ń pè pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi wá ọmọ tó máa dúró."

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kí ó tó gba fíríìdọ̀mù, yóò máa di ṣọ́ọ̀bù mú lọ́jọ́ Sátidé, èmi yóò sì lọ sí Gbági. Àwọn òbí kan ní ìránṣọ làwọn sanwó fún, kì í ṣe ìtọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Mo dá owó wọn padà.